Wọ́n Ní Aṣọ, Wọn Kò Ní Àkísà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti òṣèlú, kì í sì í ṣe ti ọ̀wọ́n epo. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Kì í ṣe ìfẹ́ ọkùnrin sí obìnrin o, ìfẹ́ tí ènìyàn ń ní sí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni mò ń wí.

Mo ní àbúrò kan tó ti ń gbé ìlú Los Angeles ní Amẹ́ríkà láti ọdún 1994. Ibẹ̀ ló ti gbéyàwó, ibẹ̀ ló ti bímọ. Àbúrò mi yìí fẹ́ràn bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní básíkẹ́tì-bọ́ọ̀lù, bí ẹni fẹ́ràn oúnjẹ. Ẹgbẹ́ ọkùnrin méjì tí wọ́n fi ayò náà ṣe iṣẹ́ jẹ ló wà ní ìlú rẹ̀, Lakers àti Clippers. Clippers ni tirẹ̀. Nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù láìpẹ́ yìí, ohùn rẹ̀ kò dùn rárá. Ó ní òun ra aṣọ Clippers fún ọmọ òun ọkùnrin, ọmọ ọdún mọ́kànlá. Ọmọ náà wo aṣọ náà títí, ó yí i sẹ́yìn, ó yí i síwájú, ó wá bi baba rẹ̀ pé, "Dádì, ta ló ń ṣe ti Clippers?"

Kò fi àfojúdi sọ ọ́ o. Ó fẹ́ mọ̀ ni. Aṣọ aláwọ̀ elése-àlùkò àti wúrà ti Lakers ni gbogbo ọmọ kíláàsì rẹ̀ ń wọ̀.

Ìbéèrè ọmọdé yìí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà. Àwọn ènìyàn tó ń gbé Los Angeles àti agbègbè tó yí i ká ju mílíọ̀nù mẹ́wàá lọ. Ọdún 1984 ni Clippers ti wọ̀lú. Láti sáà 2011 sí 2012 títí dé sáà 2024 sí 2025, kò sí sáà kan ṣoṣo tí iye ìgbà tí wọ́n pàdánù fi ju iye ìgbà tí wọ́n borí lọ. Kí ló wá dé tí ọmọ ìlú fi ń béèrè ẹni tó ń ṣe tiwọn?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àbúrò mi ṣe dé ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ọdún 1998, Clippers ló kọ́kọ́ mú ènìyàn nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ń yan àwọn ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bọ́ọ̀lù. Sáà tó ṣáájú kò dára fún wọn: nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 82, 17 péré ni wọ́n borí, wọ́n pàdánù 65. Orúkọ tí wọ́n pè ni Michael Olowokandi. Wọ́n bí ọmọkùnrin náà sí Èkó ní ọdún 1975, ìlú London ló sì dàgbà sí. Ó ti gòkè àgbà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ayò yìí rárá. Ìwé tí wọ́n to orúkọ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà sí ló ṣí, ó bá University of the Pacific tó wà ní Stockton, ní ìpínlẹ̀ California, ó sì tẹ̀ wọ́n láago pé òun fẹ́ wá gbá bọ́ọ̀lù. Láàárín ọdún mẹ́ta ó ti di ẹni àkọ́yàn ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ọmọ Èkó kejì nìyẹn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, nítorí Hakeem Olajuwon ló ṣáájú ní ọdún 1984, Houston ló sì yàn án. Ohun tí Hakeem fi orí Houston ṣe ní ọdún 1994 àti 1995, nígbà tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ léraléra, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ṣé ẹ wá rí i? Ní ọjọ́ náà ni àbúrò mi di ọmọ ẹgbẹ́ Clippers. Ó ní ibi tí ọmọ ẹni bá wà, ilé ẹni nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ìlú Buffalo ni wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní ọdún 1970, orúkọ mìíràn ni wọ́n sì ń jẹ́ níbẹ̀. Wọ́n kó lọ sí San Diego ní ọdún 1978, ibẹ̀ ni wọ́n ti di Clippers. Donald Sterling rà wọ́n ní ọdún 1981, nígbà tó sì di ọdún 1984, ó kó wọn wá sí Los Angeles láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àjọ tó ń darí ìdíje náà. Owó ìtanràn ni wọ́n fi kí i káàbọ̀.

Ẹnìkan lè sọ pé àlejò náà ni Lakers. Òótọ́ ni. Minneapolis ni wọ́n ti wá ní ọdún 1960, orúkọ wọn pàápàá ń tọ́ka sí àwọn adágún omi ìlú tí wọ́n fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí Clippers fi máa dé, Lakers ti gba ife-ẹ̀yẹ fún Los Angeles ní ọdún 1972, 1980 àti 1982. Magic Johnson wà níbẹ̀, Kareem Abdul-Jabbar wà níbẹ̀, ife 1985, 1987 àti 1988 sì ń bọ̀ lọ́nà. Àlejò òwúrọ̀ ti di onílé kí àlejò ìrọ̀lẹ́ tó sọ ẹrù kalẹ̀.

Nígbà tó di ọdún 1999, ẹgbẹ́ méjèèjì kó sínú gbọ̀ngàn kan náà, Staples Center. Abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n ti ń gbá a, àwọn àsíá ife-ẹ̀yẹ Lakers sì wà lókè lára ògiri tí wọ́n ń wo Clippers nílẹ̀. Ní ọdún 2013, Doc Rivers tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Clippers ní kí wọ́n máa fi àwòrán ńláńlá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òun bo àwọn àsíá náà nígbàkígbà tó bá jẹ́ àwọn ló ń gbá. Lójú tèmi, ó jọ ti ayálégbé tó fi aṣọ bo fọ́tò baba onílé nítorí pé àlejò fẹ́ wá kí i. Kò sí àlejò tí kò mọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ.

Kí ni Olowokandi wá ṣe? Ní sáà àkọ́kọ́ rẹ̀, èyí tí ìjà owó láàárín àwọn agbábọ́ọ̀lù àti àwọn tó ni ẹgbẹ́ gé kúrú, wọ́n borí 9, wọ́n pàdánù 41. Sáà tó tẹ̀lé e, 15 sí 67. Ó kúrò níbẹ̀ ní ọdún 2003. N kò dá ọmọ wa lẹ́bi, kì í ṣe òun ló yan ara rẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé lọ́dún 1998 kan náà yẹn, ọmọkùnrin kan wà nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ yàn, Paul Pierce lorúkọ rẹ̀, Inglewood tó fẹ̀gbẹ́ kan Los Angeles ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti lọ sí ilé-ìwé girama. Clippers fò ó dá. Ẹgbẹ́ mẹ́sàn-án ló fò ó dá kí Boston tó mú un. Ní ọdún 2008, Boston na Lakers nínú àṣekágbá, ọmọ Inglewood yìí ni wọ́n sì dá lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ta yọ jù.

Ti Sterling kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ há. Ní oṣù kẹrin ọdún 2014, ohùn rẹ̀ jáde nínú ẹ̀rọ níbi tó ti ń sọ fún obìnrin kan pé kó má ṣe mú ènìyàn dúdú wá wo bọ́ọ̀lù òun. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún un bọ́ ẹ̀wù ìgbaradì wọn, wọ́n yí i sódì kí orúkọ ẹgbẹ́ má bàa hàn. Wọ́n lé Sterling kúrò nínú ìdíje náà títí ayé. Àbúrò mi ní ọjọ́ yẹn nìkan lòun rọ́ aṣọ òun sínú àpótí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń sọ pé àìborí ló lé àwọn alátìlẹ́yìn sá. N kò gbà. Ní sáà 2015 sí 2016, Lakers borí 17, wọ́n pàdánù 65, iye kan náà gẹ́lẹ́ tí Clippers ní ní sáà 1997 sí 1998. Ní sáà yẹn, Clippers borí 53. Àmọ́ ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹrin ọdún 2016, nígbà tí Kobe Bryant gbá bọ́ọ̀lù rẹ̀ ìkẹyìn lẹ́yìn ogún sáà pẹ̀lú Lakers nìkan, tó sì dá ju àmì ayò 60, ṣe ni gbọ̀ngàn náà kún dẹ́nu. Àwọn ènìyàn ń sunkún fún ẹgbẹ́ tí kò borí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Àkísà yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé lórí: ìtàn tí baba sọ fún ọmọ, ọjọ́ tí wọ́n jọ sunkún, ẹni tó darúgbó sínú aṣọ kan.

Clippers kì í jẹ́ kí ènìyàn darúgbó sínú aṣọ wọn. Ní ọdún 2017, nígbà tí wọ́n ń bẹ Blake Griffin kó má lọ, wọ́n fà á wọ gbọ̀ngàn òfìfo, wọ́n fa aṣọ rẹ̀ sókè bí ẹni tó ti di baba ńlá ẹgbẹ́. Ó buwọ́ lùwé ọdún márùn-ún. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2018, wọ́n ti fi í ṣe pàṣípààrọ̀ lọ sí Detroit.

Steve Ballmer tó ra ẹgbẹ́ náà ní bílíọ̀nù 2 dọ́là ní ọdún 2014 kì í ṣe ahun. Ó kọ́ ilé tirẹ̀, Intuit Dome, wọ́n sì ṣí i ní ọdún 2024. Àga rẹ̀ tó 18,000, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ibẹ̀ sì ju ẹgbẹ̀rún kan lọ, nítorí ọkùnrin náà kórìíra kí olùwòran tò lórí ìlà nígbà tí bọ́ọ̀lù ń lọ. (Ó wù mí kí àwọn tó ń kọ́ pápá ìṣeré fún wa gbọ́ èyí.) Apá kan wà tí wọ́n ń pè ní Ògiri, ìlà àga 51 láìdáwọ́dúró, àwọn alátìlẹ́yìn Clippers nìkan ló wà fún, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ wọ aṣọ ẹgbẹ́ mìíràn débẹ̀. Mo yin ọkùnrin náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tó kọ́lé sí: Inglewood, ìlú Pierce, ìlú tí Lakers ti gbá bọ́ọ̀lù láti ọdún 1967 títí di 1999 nínú gbọ̀ngàn Forum. Ballmer ní láti ra Forum pàápàá ní 400 mílíọ̀nù dọ́là kó tó ráàyè kọ́ tirẹ̀. Títí di ìparí sáà 2024 sí 2025, Clippers kò tíì dé àṣekágbá rí. Ibi tí wọ́n dé jìnnà jù ni ti ọdún 2021, nígbà tó ku ìpele kan ṣoṣo kí Phoenix tó dá wọn padà.

Mo pe àbúrò mi lánàá láti mọ bí ọ̀rọ̀ aṣọ náà ṣe parí sí. Ó ní òun ti ra tíkẹ́ẹ̀tì mẹ́rin. Ìyàwó rẹ̀ ti gbà láti lọ, ọmọbìnrin rẹ̀ ń fẹ́ lọ wo ilé náà.

Mo ní, "Ọmọkùnrin ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti gbà. Ó ní òun á wá lọ́jọ́ tí Lakers bá ń bọ̀."