Igi Oníke Kì í Hù ní Ajégúnlẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti gboyè jáde, ẹ bá mi dé ìdí tábìlì tí a ń to módẹ́ẹ̀lì sí lọ́jọ́ jọ́rì. Ilé tí kálukú yà yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n igi kan náà ni gbogbo wa lẹ̀ mọ́ àyíká rẹ̀: igi oníke tí orí rẹ̀ ṣe ṣóńṣó, tí a rà nínú ọ̀rá. Ìlú olótùútù ni irú igi bẹ́ẹ̀ ti wọ́pọ̀. Ta ló ti rí i rí ní Ajégúnlẹ̀?

Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Lọ́dún tó kọjá, ilẹ̀ tí wọ́n fún ẹgbẹ́ wa ṣiṣẹ́ lé lórí bẹ̀rẹ̀ láti GRA Àpápá, ó gba Malu Road dé Boundary. Owó igi oníke kò sí lọ́wọ́ wa, ni mo bá ní kí a fi ohun tó wà nílẹ̀ ṣe igi tiwa.

Kò le rárá. Efinrin tó ti so tó sì gbẹ, ẹ̀ka igi kékeré ni lójú ẹni tó bá wò ó dáadáa. Gbòǹgbò èpò tí a fọ erùpẹ̀ kúrò lára rẹ̀, tí a dorí rẹ̀ kodò, di igi máńgò: a gé kànrìnkàn ìbílẹ̀ wẹ́wẹ́, a kùn ún ní àwọ̀ ewé, a fi gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lórí. Ní ìwọ̀n 1:200, máńgò tó ga ní mítà 12 kò ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Ìyẹ́ adìyẹ láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń pa adìyẹ lọ́jà di imọ̀ àgbọn. Ní ti igi ẹ̀gbà, tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ púpọ̀ nínú omi iyọ̀, a ò dorí gbòǹgbò tirẹ̀ kodò.

Ṣùgbọ́n owó kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé yìí. Igi oníke, ńṣe là ń fọ́n ọn bí ẹni fọ́n iyọ̀ sọ́bẹ̀. Igi tó bá gba èèyàn ní ogún ìṣẹ́jú, kò sẹ́ni tó máa ṣe é láì kọ́kọ́ lọ wò bóyá ó wà níbẹ̀. Nítorí náà, a fẹsẹ̀ rìn, a sì kà wọ́n. Ní GRA, àwọn igi ńláńlá tó ti pẹ́ ń ṣíji bo títì. Nígbà tí a dé àdúgbò tiwa, máńgò kan la rí nínú ọgbà kan, àgbọn méjì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná, àti gbéborùn lójú omi kánáàlì. Nígbà tí a tò wọ́n tán, apá kan módẹ́ẹ̀lì wa tutù yọ̀yọ̀, apá kejì gbẹ táútáú. A ò ṣẹ̀ṣẹ̀ ní láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ibi tí oòrùn ti ń pa èèyàn. Igi oníke ì bá ti bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bí ẹni tó máa fọwọ́ sí iṣẹ́ bá sì ti rí igi lórí módẹ́ẹ̀lì, kí ló máa mú un rántí pé ó yẹ kí wọ́n gbin ọ̀kan?

Gbọ̀ngàn Akeley, níbi tí wọ́n to àwọn ẹranko Áfíríkà sí ní New York, ṣí ní 1936. Àwọn tó ṣe é wá sí Áfíríkà, wọ́n kó ewé àti ẹ̀ka igi, wọ́n ya àwòrán ibẹ̀, kí igbó tí wọ́n máa ṣe lè jọ igbó náà gan-an. Bí àlejò bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún igbó wa, kí ló ń ṣe ọmọ onílé?

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ. Wọ́n á ní kòkòrò á jẹ ẹ́, pé olú á hù lára rẹ̀. Òótọ́ ni, bí a bá lò ó ní tútù. Ẹ sá a títí á fi gbẹ, kí ẹ sì fi gọ́ọ̀mù tí a po mọ́ omi kùn ún. Wọ́n á tún ní kò mọ́ tó ti inú ọ̀rá. Igi Ajégúnlẹ̀ náà kò dọ́gba. Ohun kan ṣoṣo ni mo kìlọ̀ fún yín: ohun tó ti gbẹ tàbí tó ti já bọ́ ni kí ẹ ṣà. Ẹ má ṣe fa ẹ̀gbà tó ń yè tu.

Gbéborùn tiẹ̀ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fà. Láti 1984 tó ti wọ omi Èkó láti ìhà Benin ló ti ń dí ọ̀nà mọ́ ọkọ̀ àwọn apẹja. Achenyo Idachaba fi èyí tó gbẹ nínú rẹ̀ dá iṣẹ́ ọwọ́ MitiMeth sílẹ̀, wọ́n ń fi hun apẹ̀rẹ̀. Bí a bá là á tẹ́ẹ́rẹ́, koríko etí omi ni lórí módẹ́ẹ̀lì.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹ̀ka wa ni pé ní sẹ́mẹ́sítà tó ń bọ̀, kí ẹ ya máàkì díẹ̀ sọ́tọ̀ fún igi tó wà lórí ilẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti ní ọ́fíìsì, bí ọmọ iṣẹ́ yín bá gbé módẹ́ẹ̀lì wá, ẹ bi í pé: igi mélòó lo kà níbẹ̀?