Metformin Kọ́ Ló Ń Ba Kíndìnrín Jẹ́

Ní ìpàdé rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ní ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ní Òkè-Àje lọ́jọ́ ọjà, gbólóhùn kan náà là ń gbọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde: “Má lo oògùn àtọ̀gbẹ yẹn pẹ́ o, kíndìnrín ni yóò bà jẹ́.” Ẹni tó ń sọ ọ́ fẹ́ràn ẹni tó ń sọ ọ́ fún, ìyẹn gan-an ló sì mú kó burú, torí aláìsàn a máa gba ọ̀rọ̀ ẹbí gbọ́ ju ti nọ́ọ̀sì lọ. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ó sì ń pa wá.

Ẹ jẹ́ ká wo ibi tó ti wá. Nínú páálí metformin, oògùn tí wọ́n ń sọ yẹn, tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Glucophage, ìwé kékeré kan wà tó kìlọ̀ pé ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó. Àwọn èèyàn gbọ́ èyí, wọ́n ní ẹ ò rí i, oògùn náà ló ń bà á jẹ́. Ìkìlọ̀ yẹn kò sọ bẹ́ẹ̀. Kíndìnrín ló ń kó metformin jáde gba inú ìtọ̀. Bí agbára rẹ̀ bá ti tán, oògùn á máa ṣẹ́ jọ sínú ẹ̀jẹ̀, lactic acid sì lè pọ̀ lápọ̀jù níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń dín in kù tàbí tó ń dá a dúró. Kíndìnrín tó ti bà jẹ́ tẹ́lẹ̀ ló sọ oògùn di ewu.

Phenformin, ìbátan metformin, ló kọ́kọ́ dá ìbẹ̀rù yìí sílẹ̀. Torí ọ̀ràn ásíìdì yìí ni wọ́n ṣe gbé e kúrò lọ́jà ní Amẹ́ríkà ní 1977, metformin sì ń jẹ́jọ́ rẹ̀ títí dòní. Ní 2016, FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn níbẹ̀, tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì dẹ òfin rẹ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn agbára kíndìnrín ni eGFR. Ara tó dá máa ń tó nǹkan bíi 100. Ẹni tó bá ní 45 sókè lè máa lò ó. Bó bá ti bọ́ sáàárín 30 sí 45, dókítà á tún un rò, ó sábà máa ń dín in kù. Lábẹ́ 30, kó dúró. Tó bá jẹ́ pé oògùn yìí ń pa kíndìnrín ni, ṣé wọn ì bá gbà kí ẹni tí agbára kíndìnrín rẹ̀ ti lọ sí ìdajì máa lò ó?

Ẹni tó bá sì ní kẹ́míkà òyìnbó lòun ń sá fún, kó mọ̀ pé ara ewé kan tó ń jẹ́ galega, tí àwọn ará Yúróòpù ti ń lò látijọ́, ni wọ́n ti rí ọ̀nà dé ìdí metformin.

Ọdún mẹ́wàá lèèyàn fi lo oògùn, ní ọdún kọkànlá kíndìnrín daṣẹ́ sílẹ̀, a wá dá oògùn lẹ́bi. Bí olè bá jà lóru, ṣé ọdẹ àdúgbò tí a bá lójúde la ó mú? Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ lolè, òun àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Asẹ́ tíńtìntín bíi mílíọ̀nù kan ló wà nínú kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Olè méjèèjì yìí á ni asẹ́ wọ̀nyí lára títí wọn á fi máa jò, purotéènì á máa bá ìtọ̀ lọ. Kò ní dun èèyàn rárá.

Mo ti tú nylon oògùn ìyá kan wò rí. Páálí metformin wà níbẹ̀, ó kù díẹ̀ kó kún. Sáṣẹ́ẹ̀tì ibuprofen tó ń lò fún orúnkún ti ṣófo tán, ìgò àgbo sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibuprofen àti diclofenac, téèyàn bá ń lò wọ́n lójoojúmọ́, ní í ba kíndìnrín tó ti ń rẹ̀ jẹ́ lóòótọ́, ẹnikẹ́ni kò sì kìlọ̀ wọn fún ìyá yẹn nípàdé.

Ohun kan tún ń tan ẹbí jẹ. Kíndìnrín wà lára ohun tó ń palẹ̀ insulin, èyí tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, mọ́ kúrò nínú ara. Bó bá ti ń kú lọ, insulin á máa pẹ́ nínú ara, ṣúgà á bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó ti jáwọ́ nínú oògùn á wọn ṣúgà, á rí i pé ó ti dára, á lọ ṣe ìdúpẹ́. Àìsàn kò lọ o. Kíndìnrín ló ń lọ. Àsìkò yìí náà ni oògùn àtọ̀gbẹ kan, glibenclamide, ìyẹn Daonil, lè já ṣúgà wálẹ̀ débi pé èèyàn á dákú. Ìyẹn ló yẹ ká máa bẹ̀rù.

Oògùn àtọ̀gbẹ míì tiẹ̀ ń dáàbò bo kíndìnrín. Ní 2019, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí CREDENCE jáde: aláìsàn 4,401, gbogbo wọn ló ní àtọ̀gbẹ àti àìsàn kíndìnrín. Láàárín àwọn tó lo canagliflozin, ewu tí wọ́n ń ṣọ́, títí kan kíndìnrín tó kọṣẹ́ pátápátá, fi 30 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí tàwọn tí kò lò ó. Owó rẹ̀ ga ju agbára ọ̀pọ̀ wa lọ, ó sì ń bí mi nínú. Ṣùgbọ́n ẹ wo owó dáyálísíìsì, ìyẹn fífi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀: ní 2025, ìjọba àpapọ̀ dín owó ẹ̀ẹ̀kan rẹ̀ kù láti 50,000 náírà sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀ kan, ọ̀pọ̀ aláìsàn sì ń nílò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀.

Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, tàbí ilé ìwòsàn yunifásítì OOUTH ní Ṣágámù, kí wọ́n yẹ creatinine inú ẹ̀jẹ̀ (òun ni wọ́n fi ń ṣírò eGFR) àti purotéènì inú ìtọ̀ wò, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ẹ bèèrè nọ́ńbà eGFR yín, kí ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání, tòun ti ìgò àgbo. Ẹ má fi ọ̀kankan pamọ́ fún dókítà.