Abẹ́rẹ́ Kì í Ṣe Mímì fún Adìẹ

Àwọn àgbà wa a máa wí pé, bí ó ti wù kí abẹ́rẹ́ kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ sí àwọn ará Jámánì lára ní àkókò Ogun Àgbáyé Kejì.

Ní 1940 ni wọ́n gba ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù. Àwọn ọmọ-ogun Gẹ̀ẹ́sì kan kù sẹ́yìn ní ìsápamọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí a yin ọkọ̀ òfuurufú wọn lulẹ̀ tún darapọ̀ mọ́ wọn. Omidan kan ní Brussels, Andrée de Jongh, tí kò tí ì pé ẹni ọdún 25, bẹ̀rẹ̀ sí í sìn wọ́n jáde. Pẹ̀lú ìwé ayédèrú ni wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ojú-irin la ilẹ̀ Faransé já. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gun òkè Pyrenees lóru, tí àwọn onífàyàwọ́ ń ṣe amọ̀nà wọn, títí wọn yóò fi dé Sípéènì. Nígbà tí ó kọ́kọ́ yọ sí ilé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Bilbao, ní oṣù August 1941, àwọn kan fura pé amí Jámánì ni. Òun tìkára rẹ̀ sin àwọn tí ó ju 100 lọ kọjá.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí a gbé ewu yìí yẹ̀ wò. Bí ọwọ́ bá tẹ ọmọ-ogun tí ń sá lọ, òǹdè ogun ni. Àdéhùn Geneva ti 1929 dáàbò bò ó. Ṣùgbọ́n ìyá ilé tí ó fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn kò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀: ìbọn tàbí àgọ́ ìyà ni ó ń dúró dè é.

Ní January 1943 ni wọ́n mú Andrée nínú ilé àgbẹ̀ kan nítòsí ààlà Sípéènì. Kí ó lè gba baba rẹ̀ là, ó jẹ́wọ́ pé òun gan-an ni olórí. Wọn kò gbà á gbọ́! Wọ́n ní irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ kò lè darí iṣẹ́ ńlá. Fífojú-tín-ín-rín yìí ni kò jẹ́ kí wọ́n pa á. Àgọ́ Ravensbrück àti Mauthausen ni wọ́n rán an lọ, ó sì yè é. Baba rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: wọ́n yìnbọn pa á ní Paris ní March 1944. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò dúró. Àwọn ẹlòmíràn ti gbà á ṣe.

Lẹ́yìn ogun, ó wá sí Áfíríkà, ó tọ́jú àwọn adẹ́tẹ̀ ní Kóńgò àti ní Ethiópíà. Ní 2007 ni ó kú.

Ní 1949 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àdéhùn Geneva kan fún ààbò aráàlú. Ogun kò sì tí ì tán láyé. Nígbà tí a bá gbọ́ pé òǹdè kan bọ́, ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè ẹni tí ó ṣílẹ̀kùn fún un, àti ohun tí ó ná an.