Ẹ Pa Telifíṣọ̀n, Ẹ Jáde Wá Wòran

Ẹ̀yin ará ìlú, ìrọ̀lẹ́ kan nínú oṣù ni mo wá tọrọ lọ́wọ́ yín. Mi ò wá gba owó orí, mi ò sì wá polongo ìbò. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀hún, ẹ pa telifíṣọ̀n, ẹ ti fóònù bọ àpò, ẹ kó àwọn ọmọ sẹ́yìn, kí ẹ lọ jókòó síbi tí èèyàn gidi ti ń ṣeré lójú yín kòrókòró. Ì báà ṣe eré ìtàgé nínú gbọ̀ngàn, ì báà ṣe bàtá lójúde, ìjàkadì ní pápá ilé ìwé, ìdíje ayò lábẹ́ igi, tàbí ààlọ́ níwájú ilé ìyá àgbà kan. Bí wọ́n bá ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ rà á. Bí wọn ò bá tà á, ẹ ju nǹkan sínú igbá kí ẹ tó dìde.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwọn eléré ti tán. Wọn ò tán. Arts Theatre wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, Gbọ̀ngàn Odùduwà wà ní Ifẹ̀, Terra Kulture wà ní Victoria Island l'Ékòó. Freedom Park wà ní Broad Street, lórí ilẹ̀ tí ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba amúnisìn wà tẹ́lẹ̀. Láti 2010 ni ibẹ̀ ti di ojúkò orin àti eré. Ìdílé Àyàn ṣì ń bí Àyánwálé, wọ́n ṣì ń bí Àyándélé. Àwa tó yẹ ká lọ wò wọ́n là ń tán lọ. Mo ti jókòó rí nínú gbọ̀ngàn tí àwọn òṣèré orí ìtàgé fi pọ̀ ju àwa tá a wà lórí àga lọ. Wọ́n ṣe eré náà dópin, wọ́n sì ṣe é dáadáa, ṣùgbọ́n ojú tì mí fún ìlú wa.

Ní oṣù kejì ọdún 1826, òyìnbó arìnrìn-àjò kan, Clapperton, àti Richard Lander tó tẹ̀ lé e, wà lálejò Aláàfin ní Ọ̀yọ́-Ilé. Wọ́n pe àwọn eléégún alárìnjó wá dá àwọn àlejò lára yá, Clapperton sì kọ ohun tó rí sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀. Apá kìíní, àwọn kan wọ inú àpò, wọ́n ń jó, wọ́n ń ta kìtì. Apá kejì, òjòlá ńlá kan ń wọ́ nílẹ̀, ó ń yọ ahọ́n, ènìyàn ló sì wà nínú rẹ̀. Apá kẹta ló wá pa gbogbo èrò lẹ́rìn-ín. Aṣọ ń ṣí díẹ̀díẹ̀, òyìnbó kan yọ láti inú rẹ̀, funfun báláú, ó rù hangogo, òtútù ń mú un, ó ń fa aṣáà símú, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó ń gbẹ́sẹ̀ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán tẹlẹ̀ rí. Àwọn èrò ń wo eré, wọ́n ń wo Clapperton, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fọkàn sí i dáadáa. Òun náà gbà nínú ìwé rẹ̀ pé ẹni tó ń ṣe òyìnbó yẹn mọ̀ ọ́n ṣe. Láàárín apá kan sí èkejì, àwọn ayaba ń dárin, gbogbo agbo ń gbè é.

Ìtàn yìí ni mo fi ń dá ẹni tó bá sọ pé ilé ìwé òyìnbó ló gbé tíátà dé ọ̀dọ̀ wa lóhùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ rí nínú rẹ̀ lónìí ni iṣẹ́ tí àwọn èrò ṣe. Wọ́n gbe orin, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tọ́ka sí àlejò, wọ́n fi eléré wọn yangàn. Ẹ yọ wọ́n kúrò níbẹ̀, ohun tó kù ò ju ọkùnrin kan tó ń tiro nínú aṣọ funfun.

Bẹ́ẹ̀ ni eré wa ṣe rí níbi gbogbo. Ní Kétu àti àwọn ìlú tó yí i ká, Ẹ̀fẹ̀ ló ń jáde lóru kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó lọ́sàn-án. Ẹ̀fẹ̀ a máa tọrọ àlàáfíà lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, a máa fi orin bú ọ̀bàyéjẹ́, a máa sọ ohun tí gbogbo ìlú ń sọ lábẹ́lẹ̀ síta gbangba. Bí orin kan bá dùn mọ́ àwọn èrò, wọ́n á ní kó tún un kọ. Kílẹ̀ tó mọ́, orin náà ti di ti gbogbo ìlú. UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn àgbà iṣẹ́ ọnà ọmọ aráyé ní 2001. Ó dára, inú wa dùn. Àmọ́ ìwé ẹ̀rí láti Paris kò lè bá wa gbe orin Ẹ̀fẹ̀ ní Kétu. Ní Ìbàdàn, ọdún Òkèbàdàn ni ọjọ́ tí ẹnu kò ní ìlẹ̀kùn: èwe àgbà ń kọ orin ẹ̀fẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ kọ lọ́jọ́ mìíràn, ìjòyè tí wọ́n bá sì fi kọrin kò gbọdọ̀ bínú. Ẹ tún wo ọpọ́n ayò, ihò 12, ọmọ ayò 48. Ènìyàn méjì ló ń ta á, ṣùgbọ́n àwọn tó dúró yí wọn ká ló ń fi òpè ṣẹ̀sín, àwọn ló ń ki ọ̀ta. Ẹni tó ń ta ayò lórí fóònù, ta ni yóò ki í?

Fóònù kò gbọ́ ẹ̀rín yín. Òṣèré orí ìtàgé ń gbọ́ ọ. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, yóò dúró kẹ́ ẹ rín in tán. Bí ẹ bá pòṣé, yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ò wọlé, bó bá sì di ọjọ́ kejì, á yí i padà. Ọ̀pọ̀ eré tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèré ìgbà Bàbá Sàlá aláwàdà ń gbé kiri ni kò ní ìwé kankan tí wọ́n há sórí. Ẹ̀rín àti òṣé àwọn èrò láti ìlú dé ìlú ló ń tún un ṣe títí tó fi gún.

Ta ló bọ́ Hubert Ògúndé? Àwọn bàbá àti ìyá yín ni. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ń ṣe nígbà tó gbé eré àkọ́kọ́ jáde l'Ékòó ní 1944, eré tó dá lórí ọgbà Édẹ́nì. Nígbà tó wá kọ̀wé fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, owó ẹnu ọ̀nà ló gbójú lé. Mọ́tò ẹgbẹ́ rẹ̀ á wọ ìlú, wọ́n á kéde káàkiri, bó bá dalẹ́, télọ̀, aláta, awakọ̀ àti tíṣà á tò sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ní 1964, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn fòfin de ẹgbẹ́ rẹ̀ nítorí eré Yorùbá Ronú. Ìgbà tí ológun gbàjọba ní 1966 ni òfin náà tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kò kú. Ẹni tí ìjọba kò bọ́, ìjọba kò lè febi pa á.

Ti Ọ̀ṣogbo wá ń jẹ mí lẹ́nu jù. Dúró Ládiípọ̀ jẹ́ tíṣà, ọmọ ilé ìjọ sì ni. Ó gbìyànjú láti mú ìlù dùndún wọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà ìjọ kọ̀ jálẹ̀, ló bá gbé orin rẹ̀ bọ́ síta. Ní 1962, òun àti òyìnbó kan, Ulli Beier, sọ ilé ọtí Ládiípọ̀ di Mbari Mbayo, ojúkò eré àti iṣẹ́ ọnà. Ilé lásán ni, láàárín ìlú, tí ẹni tó ń tọjà bọ̀ lè yà wò. Nígbà tí ilé náà pé ọdún kan ni eré rẹ̀, Ọba Kò So, jáde níbẹ̀. Ní 1964, wọ́n ti gbé e dé Berlin. Ẹ tún wo àwọn mìíràn tí ẹnu ọ̀nà kan yìí gbà wọlé. Táíwò Ọláníyì, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Twins Seven-Seven, ijó ló ń jó fún oníṣòwò oògùn kan nígbà tó yà síbẹ̀ ní 1964. Ó di ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn yíká ayé. Jímọ̀ Bùráímọ̀ ló ń tanná fún eré Dúró Ládiípọ̀. Ó di ọ̀gá nínú àwòrán onílẹ̀kẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé oníjó yìí tàbí atannáṣeré yìí yóò di ẹnikẹ́ni. Ibì kan ló ṣí sílẹ̀, tí èrò ń wọ́ lọ síbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni sinimá Yorùbá dé, Àjàní Ògún ní 1976, Aiyé ti Ògúndé ní 1979. Fídíò tẹ̀ lé e. Ẹ̀rù olè alẹ́ lé àwọn èèyàn wọlé, àwọn òṣèré sì tẹ̀ lé owó wọn lọ sínú yàrá. Mi ò bá fídíò jà, èmi náà ń wò ó. Mo kàn ń sọ pé kò yẹ kó jẹ́ òun nìkan.

Ẹ má wí fún mi pé owó ló fà á. Mo mọ̀ pé ọjà gbówó lórí, mo sì mọ̀ pé ilé míì wà tí oúnjẹ alẹ́ pàápàá ń ṣòro. Nítorí irú wọn ni mo ṣe dárúkọ ayò àti ààlọ́ níbẹ̀rẹ̀, tí kò gba kọ́bọ̀. Àwa tí à ń ra aṣọ ẹbí ni mò ń bá wí. Bí onílù bá ti dárúkọ wa níbi ìnáwó, a ó máa lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Mo fẹ́ràn ìnáwó o, ẹ má ṣì mí gbọ́. Ṣùgbọ́n níbi ìnáwó, orúkọ ẹni tó mówó lọ́wọ́ ni ìlù ń pè. Lórí ìtàgé, ìlù lè sọ ohun tí olówó kò fẹ́ gbọ́. Bó bá jẹ́ pé ìnáwó nìkan ló ń bọ́ onílù, oríkì olówó nìkan ni àwọn ọmọ wa yóò máa gbọ́ lẹ́nu ìlù.

Àwọn kan á ní ẹ̀sìn àwọn kò gbà. Ẹ jọ̀ọ́, inú ìjọ ni Ògúndé ti bẹ̀rẹ̀. Wéré tí àwọn ọ̀dọ́ Mùsùlùmí fi ń jí èèyàn sí sààrì ni Síkírù Àyìndé Barrister ti yọ fújì. Bí ìbọ inú eré kan bá kọ yín lóminú, ẹ lọ wo òmíràn. Eré pọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Ti ààbò ní òótọ́ nínú, nítorí náà ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́rin, ká túká kí ilẹ̀ tó ṣú pátápátá. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń ṣe Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọjọ́ kẹta Iléyá, síbẹ̀ ẹsẹ̀ kì í gbèrò.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù, ẹ̀yin lẹ fi géètì sí ojú pópó. Ẹ lè fi ọ̀sán Sátidé kan tì í nítorí eré. Ẹ yá bẹ́ǹṣì lọ́wọ́ ilé ìwé tó wà ládùúgbò. Ẹ gbé ọpọ́n ayò mẹ́rin kalẹ̀, ẹ jẹ́ kí ojúlé kan bá ìkejì fà á. Ẹ bẹ ìyá tó mọ ààlọ́ jù ládùúgbò kó pa méjì tàbí mẹ́ta fún àwọn ọmọ, kí wọ́n sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbè é. Ẹ pe onílù kan, kí ẹ dá owó rẹ̀ jọ ṣáájú. Ẹ má sọ fún un pé ìlú ló ń ṣe é lóore. Ẹ fi tó Baálẹ̀ àti àgọ́ ọlọ́pàá létí. Ó parí.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀, gbọ̀ngàn ìlú tí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ tì, tí ẹ ń ṣí fún ìpàdé òṣèlú àti ìgbéyàwó nìkan, owó ìlú la fi kọ́ ọ. Ẹ fi ọjọ́ kan lóṣù sílẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ òṣèré àdúgbò láìgbowó. Wọ́n ti tún ilé tíátà ńlá Ìgànmú l'Ékòó ṣe, ìjọba àpapọ̀ sì ti fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká pè é. Èyí tó wà nítòsí ọjà yín ńkọ́?

Ẹ̀yin òṣèré, mo ní ọ̀rọ̀ bá ẹ̀yin náà. Bí ìwé ìkéde bá sọ pé aago mẹ́rin, kó jẹ́ aago mẹ́rin. Ẹni tó gbé ọmọ wá, tó dúró títí di aago mẹ́fà, kò ní padà wá, bó bá sì délé, yóò sọ fún ará ilé rẹ̀. Àwíjàre "iná ti lọ" ti sú wa. Ọjọ́ tí ẹ kò bá ní jẹnẹrétọ̀, ẹ ṣe é lójúmọmọ.

Ẹ̀yin òbí, ẹ bi ara yín léèrè ìgbà tí ọmọ yín rí onílù bàtá lójúkojú gbẹ̀yìn, láìjẹ́ pé lórí ẹ̀rọ. Ìròyìn ò tó àfojúbà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣọ́ gbọ̀ngàn ìlú yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ tíṣà, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílù tó wà ládùúgbò, pé eré wo ló ń bọ̀ ní Sátidé. Bí ó bá wà, ẹ san owó rẹ̀ kí ẹ tètè dé. Bí kò bá sí, ẹ pe aládùúgbò mẹ́ta jọ lálẹ́ òní, kí ẹ dá ọjọ́ tiyín.