Máàkì 131 fún Ọmọ Ògùn, 2 fún Ọmọ Yobe: Ṣé Ọpọlọ Ni Kò Dọ́gba?

Lọ́dún 2013, nígbà tí iye máàkì tí wọ́n fi ń gba ọmọ sí àwọn iléèwé girama ìjọba àpapọ̀ hàn sí gbangba, ariwo ńlá ló gbòde. Ọmọ Anambra gbọ́dọ̀ gba 139 nínú ìdánwò àṣewọlé kó tó rí àyè. Ti Èkó jẹ́ 133, ti Ògùn jẹ́ 131. Ní Zamfara, 4 ni ti ọmọkùnrin, 2 ni ti ọmọbìnrin. 2 náà sì ni ti ọmọkùnrin Yobe.

Kíá làwọn kan ti ń sọ pé ẹ̀yà kan lọ́pọlọ ju èkejì lọ. Irọ́ gbáà ni. Láti nǹkan bí ọdún 1843 làwọn míṣọ́nnárì ti dá iléèwé sílẹ̀ ní Àgbádárìgì. Ní Òkè Ọya, nítorí ìlérí tí Lugard ṣe fáwọn ọba ibẹ̀ pé òun kò ní dá sí ẹ̀sìn wọn, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò fàyè gba irú iléèwé bẹ́ẹ̀ láàrin àwọn Mùsùlùmí. Nígbà tó di oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Iye ọmọ tó wà ní kíláàsì lọ́dún náà lé ní 800,000. Ẹ wá wo èyí o: Yorùbá ni wọ́n l'Ọ́fà àti Kàbà, ṣùgbọ́n abẹ́ ìjọba Òkè Ọya ni wọ́n wà, ètò ọ̀fẹ́ náà kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀yà kan náà ni, ààlà ìjọba ló yà wọ́n.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti dunni jù ni pé ìpínlẹ̀ bàbá ọmọ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo iléèwé tó ti kàwé. Ká ní káfíńtà ará Ìjẹ̀bú kan ń gbé Damaturu, tí ọmọ rẹ̀ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kàwé níléèwé ìjọba ibẹ̀, 131 ni wọn ìbá béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà lọ́dún yẹn. Ọmọkùnrin ọ̀gá ńlá láti Yobe, tó ń lọ iléèwé olówó gegere l'Ábùjá, 2 ti tó o. Orúkọ tálákà ni wọ́n fi ṣètò yìí, àmọ́ ọlọ́rọ̀ ló mọ ọ̀nà ibẹ̀ jù.

Ọmọ tálákà tó bá ráyè wọlé pàápàá kò tíì bọ́. Ìwé ìṣirò kan náà ni wọn yóò gbé síwájú òun àti ẹni tó gba 139.

Lọ́dún 2014, nínú ẹjọ́ tí amòfin àgbà Olisa Agbakoba pè, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ l'Ékòó dá a pé irú ìgbàwọlé bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè. Ìdájọ́ náà tọ̀nà lójú tiwa. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá fagi lé 4 àti 2 láìkó tísà lọ sáwọn iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ abúlé Zamfara àti Yobe, ńṣe lorúkọ àwọn ọmọ ibẹ̀ yóò kàn pòórá nínú ìwé ìgbàwọlé.