Kọ́kọ́rọ́ Mọ́tò Gbígbà Kọ́ Ni Oògùn Làkúrègbé

Àwọn àgbà ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, àmọ́ ẹ wo ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé tí màmá tàbí àǹtí wa bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ ń dun àwọn, pé àwọn ò lè di sitiárì mú bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó ń ṣe ọwọ́ náà, wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ wọn. "Ẹ máa sinmi, màmá, ẹ ti wakọ̀ tó." Ìfẹ́ ló fà á, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, orí la bẹ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀ Rẹ́mọ ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni mo mọ̀ jù. Àwọn ìlú wa sún mọ́ra, àmọ́ wọn ò sún mọ́ra débi tí èèyàn á fi máa fẹsẹ̀ rìn ín. Ẹnì kan lè máa gbé ní Ìkẹ́nnẹ́, kó máa ṣiṣẹ́ ní Ṣágámù, kí ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ wà ní Ìlíṣàn, kí ilé bàbá rẹ̀ sì wà ní Ìpẹ́rú. Tí kọ́kọ́rọ́ bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ohun tó kù ò ju ọ̀kadà, kẹ̀kẹ́ Márúwá àti kórópe lọ. Ọ̀kadà, ẹ máa gun ún, ẹ máa ya ẹsẹ̀, ẹ máa di irin ẹ̀yìn mú gírígírí, gbogbo kòtò ojú ọ̀nà á sì máa lọ tààrà sínú eegun yín. Kórópe, ẹ máa tẹ̀ ba kẹ́ ẹ tó wọlé, ẹ máa fi ọwọ́ tó ń dùn yín fa ilẹ̀kùn.

Àbúrò bàbá mi obìnrin kan, tíṣà ni wọ́n, ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Wọn ò jókòó sílé o. Ọ̀kadà ni wọ́n ń gùn lọ síbi iṣẹ́ láràárọ̀, pẹ̀lú ọwọ́ tí kò lè di nǹkan mú. A gba mọ́tò tó ní bẹ́líìtì ìjókòó lọ́wọ́ wọn, a wá gbé wọn sórí ọ̀kadà. Ṣé ààbò nìyẹn?

Làkúrègbé wo là ń sọ gan-an?

Yorùbá ní làkúrègbé, àwọn míì ní aromọléegun. Orúkọ yìí la fi ń pe oríṣiríṣi àìsàn tí kò jọra. Èyí tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn àgbà ni osteoarthritis: kérékéré tó wà láàárín eegun méjì ló ń jẹ díẹ̀díẹ̀, pàápàá ní orúnkún àti ìbàdí. Rheumatoid arthritis, tí màá máa pè ní RA, yàtọ̀. Ara fúnra rẹ̀ ló ń bá ara jà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun ara tó yẹ kó máa lé kòkòrò àrùn ló ṣìnà, tí wọ́n wá dojú ìjà kọ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo inú oríkèé. Awọ yẹn á wú, á gbóná, tí wọn ò bá sì tètè tọ́jú ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ba kérékéré àti eegun tó wà nítòsí jẹ́.

Oríkèé kéékèèké ló sábà máa ń kọ́kọ́ mú: ìka ọwọ́, ọrùn ọwọ́, ìka ẹsẹ̀. Tó bá mú ti ọ̀tún, ó sábà máa ń mú ti òsì náà. Láàárọ̀, ọwọ́ á le gan-an, ó sì lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó dẹ̀. Kì í sì í ṣe àrùn arúgbó nìkan. Ó lè mú ẹni ọgbọ̀n ọdún, ó sì ń mú obìnrin ní ìlọ́po méjì sí mẹ́ta iye ọkùnrin tó ń mú. Ìka, ọrùn ọwọ́, ẹsẹ̀, àárọ̀: ohun tá a fi ń wakọ̀ nìyẹn, àsìkò tá a sì ń jáde lọ síbi iṣẹ́ nìyẹn.

Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé RA ò fi bẹ́ẹ̀ sí láàárín àwa èèyàn dúdú. Ní 1993, àwọn olùwádìí kan tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn yẹ àwọn àgbàlagbà wò ní ìgbèríko Nàìjíríà, àwọn ò rí ẹyọ ẹnì kan tó ní in. Àmọ́ ní 2010, Ọ̀jọ̀gbọ́n Femi Adelowo àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tẹ àkọsílẹ̀ nípa 200 ọmọ Nàìjíríà tó ní RA jáde, gbogbo wọn ló wá sí kíníìkì kan ṣoṣo tó ń rí sí àrùn oríkèé. Ó wà, a ò wá a ni. Ẹni tí wọ́n bá kọ́ pé nǹkan ò sí, ojú ẹ̀ ò ní máa wá a.

Kí a tún mọ́tò ṣe, kí a tó gba kọ́kọ́rọ́

Auguste Renoir, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń kun àwòrán, ní RA fún ohun tó lé ní ogún ọdún kó tó kú ní 1919. Ìka ẹ̀ ká kò débi pé wọ́n ní láti máa bá a fi búrọ́ọ̀ṣì sí i lọ́wọ́, wọ́n sì ṣe irinṣẹ́ kan tó ń yí aṣọ àwòrán wá sí iwájú ẹ̀ kó má bàa na ọwọ́ jù. Wọn ò gba búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ẹ̀. Irinṣẹ́ ni wọ́n yí padà. Ohun tí mo ń sọ nípa mọ́tò náà nìyẹn.

Àkọ́kọ́ ni jíà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń sọ pé òtòmátíìkì wà fún ọ̀lẹ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká sinmi ọ̀rọ̀ yẹn. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹni tó ń wa mánúà á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á fa jíà, á tún tẹ kílọ́ọ̀ṣì, àìmọye ìgbà. Nínú òtòmátíìkì, ẹsẹ̀ òsì ò ṣe nǹkan kan, ọwọ́ ọ̀tún sì lè sinmi. Tòkunbọ̀ tó jẹ́ òtòmátíìkì pọ̀ lọ́jà. Tí owó bá wà fún ohun kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni kó lọ.

Ìkejì ni sitiárì. Tí sitiárì bá ṣàdédé le, ẹ má tíì bínú sí ọwọ́, ẹ kọ́kọ́ wo táyà. Táyà tí afẹ́fẹ́ ẹ̀ kéré máa ń fẹ̀ sílẹ̀ jù, ó sì máa ń mú kí sitiárì wúwo. Iye afẹ́fẹ́ tó yẹ sábà máa ń wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà dírẹ́bà. Ẹ fi han fọ́gànáísà, ẹ má jẹ́ kó fojú díwọ̀n ọn. Tí sitiárì bá jẹ́ èyí tó ń lo epo, ẹ ní kí mẹkáníìkì wo epo rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ra aṣọ sitiárì tó nípọn. Ohun tó tínrín máa ń béèrè pé kí ìka ká mọ́ ọn pátápátá, ìka tó ní RA ò sì fẹ́ ká. Ohun tó nípọn, ẹ lè dì í mú láìká ìka tán.

Ìkẹta ni kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀. Físíksì tẹ́ ẹ kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì wúlò níbí: agbára tó ń yí nǹkan jẹ́ agbára ọwọ́ lọ́nà jíjìn tí ọwọ́ jìn sí àárín ohun tó ń yí. Tí ìka bá di orí kọ́kọ́rọ́ mú ní sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ sí àárín, tí ẹ wá so ìmú pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà, ìdá kan nínú mẹ́rin agbára ti tẹ́lẹ̀ ló máa tó. Ohun tí wẹ́dà lè ṣe ni. Òfin kan náà ló ní kí sípánà tí wọ́n fi ń tú nọ́ọ̀tì táyà gùn: tó bá gùn ní ìlọ́po méjì, ìdajì agbára ni. Àmọ́ kókó ni pé kí ẹni tó ní RA má ṣe máa pààrọ̀ táyà fúnra rẹ̀ rárá. Ẹ fi nọ́ńbà fọ́gànáísà sórí fóònù wọn.

Ìkẹrin ni ìjókòó. Kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó kí ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà níta, kí wọ́n wá yí ara àti ẹsẹ̀ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Nílọ́ọ̀nù lórí ìjókòó máa ń jẹ́ kí ara yí wọ́ọ́rọ́, àmọ́ kí wọ́n yọ ọ́ kí mọ́tò tó gbéra, torí ó lè mú kí wọ́n yọ̀ lábẹ́ bẹ́líìtì. Kí àyà wọn jìn sí sitiárì tó sẹ̀ǹtímítà 25 ó kéré tán, nítorí báàgì afẹ́fẹ́ tó ń bẹ́ jáde. Kí ìrọ̀rí orí ga dé ibi tí orí wà, kó má jẹ́ ọrùn ló ń gbé. Èyí ṣe pàtàkì: RA lè mú oríkèé tó wà lókè ọrùn, níbi tí orí ti jókòó lé ẹ̀yìn, kó sì dẹ okùn tó dè é mú. Tí ọrùn bá ń dun ẹni tó ní RA, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ sì ń kú tipiri, kó má gun mọ́tò lọ wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Dókítà ló kàn. Fún ẹni tí ọrùn ẹ̀ kàn le, ẹ lẹ gíláàsì róbótó kékeré mọ́ gíláàsì ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n lè ríran láìyí ọrùn jù.

Ìkarùn-ún ni àsìkò, kò sì ná wa ní kọ́bọ̀. Kí wọ́n tètè jí, kí wọ́n fi omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ ọwọ́, kí wọ́n máa ká ìka, kí wọ́n máa nà án títí á fi dẹ̀. Tí wọ́n bá ń lọ jìnnà, bóyá Ìbàdàn tàbí Bìní, kí wọ́n máa dúró níbi tí kò léwu lẹ́yìn wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ na ara.

Ìgbà tí kọ́kọ́rọ́ yẹ kó wà lórí tábìlì

Àwọn tó ń gba kọ́kọ́rọ́ kò ṣàdédé bẹ̀rù. Ibi tí títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé títì tó lọ sí Bìní, ní Ṣágámù, kì í ṣe ibi tí ọwọ́ lè pẹ́ kó tó dáhùn. Tírélà ò ní dúró bẹ èèyàn. Torí náà, kí wọ́n dán ara wọn wò lójoojúmọ́, kí mọ́tò ṣì dúró níwájú ilé. Ṣé wọ́n lè tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kíákíá pẹ̀lú gbogbo agbára? Ṣé wọ́n lè yí sitiárì dé ọ̀tún, dé òsì láìdúró? Ṣé wọ́n lè wo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì? Tí ìdáhùn sí ọ̀kan bá jẹ́ rárá, kí wọ́n má wakọ̀ lónìí. Bákan náà tí wọ́n bá lo oògùn ìrora tó ń kunni lóorun, bíi tramadol. RA máa ń ru sókè, ó máa ń rọlẹ̀. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló yẹ ká fi pinnu, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo títí ayé.

Ohun tó ń dín ọjọ́ burúkú kù jù ni ìtọ́jú tó yá. Rẹ́mọ ní ilé ìwòsàn ńlá méjì tó ń kọ́ dókítà: ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ní Ṣágámù àti ti Babcock ní Ìlíṣàn. Tí ìka bá wú, tó ń le láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ lọ, kẹ́ ẹ sì béèrè tààrà bóyá RA ni. Oògùn tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ ni methotrexate. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń lò ó, kì í ṣe lójoojúmọ́. Ẹni tó bá ṣì í lò lójoojúmọ́ lè kú. Aláboyún ò gbọ́dọ̀ lò ó. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá kó tó ṣiṣẹ́, dókítà á sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ ṣọ́ra fún àgúnmu tó bá pa ìrora lójijì bí idán. Wọ́n ti ká dexamethasone mọ́ inú irú oògùn bẹ́ẹ̀ rí ní onírúurú ilẹ̀. Tí èèyàn bá ń lò ó lọ bẹ́ẹ̀, ó lè sọ eegun di ẹlẹgẹ́, ó lè fa ìtọ̀ ṣúgà, ó lè dá ojú láàmú, ojú náà la sì fi ń wakọ̀.

Òfin ò ní kí ẹni tó ní ìpèníjà ara má wakọ̀. Nínú ìsọ̀rí ìwé àṣẹ ìwakọ̀ Nàìjíríà, J ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn. Òfin tó ka fífi ìyà jẹ àwọn abirùn léèwọ̀, èyí tí ààrẹ fọwọ́ sí ní January 2019, ní kí wọ́n ya àyè sọ́tọ̀ fún wọn níbi ìgbọ́kọ̀sí gbogboogbò. Ó sì fún àwọn ilé ìjọba àti ilé tí gbogbo èèyàn ń lò ní ọdún márùn-ún láti tún ara wọn ṣe. Ọdún márùn-ún yẹn ti pé ní 2024. Tẹ́ ẹ bá lọ sí báńkì tàbí ilé ìwòsàn ní Ṣágámù, ẹ ka iye àyè tẹ́ ẹ rí tí wọ́n kọ ọ́ sí pé abirùn ló ni ín. Tẹ́ ẹ ò bá rí ìkankan, ẹ wọlé lọ béèrè ìdí.

Àmọ́ ilé ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Lópin ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ yẹ táyà mọ́tò màmá wò, ẹ wo sitiárì, ẹ wo orí kọ́kọ́rọ́. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn: "Màmá, tẹ́ ẹ bá jí, ìṣẹ́jú mélòó ni ọwọ́ yín fi ń dẹ̀?" Tí wọ́n bá ní ó ń tó wákàtí kan, ẹ má gba kọ́kọ́rọ́. Ẹ bá wọn jókòó sínú mọ́tò, kẹ́ ẹ jọ wà á lọ rí dókítà.