Kí Rẹfirí Tó Fọn Fèrè ní Ìkẹ́nnẹ́

Ọdún 2025 dùn mọ́ àwọn olólùfẹ́ eré ìdárayá ní ilẹ̀ Rẹ́mọ. Remo Stars, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó fi Ìkẹ́nnẹ́ ṣe ilé, gba ife-ẹ̀yẹ líìgì NPFL fún ìgbà àkọ́kọ́. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà, Ìpínlẹ̀ Ògùn gbàlejò Àjọ̀dún Eré Ìdárayá Orílẹ̀-èdè láti ọjọ́ 16 sí ọjọ́ 30. Ìkẹ́nnẹ́, tí tajá-tẹran mọ̀ sí ìlú Awólọ́wọ̀, ti wá di ibi tí àwọn ọ̀dọ́ láti ìpínlẹ̀ gbogbo ń wá gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá gbàlejò gbọ́dọ̀ lè tọ́jú àlejò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé eré kankan kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní pápá Ìkẹ́nnẹ́, àfi tí dókítà tó wà níbẹ̀ bá ti yẹ ètò ìtọ́jú pàjáwìrì wò, tó sì ti sọ fún rẹfirí pé ó pé. Bí kò bá pé, kí rẹfirí fi fèrè rẹ̀ sápò.

Àwọn kan á ní kí ló dé tí mò ń da ara mi láàmú. Ìlíṣàn, tí ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Babcock wà, kò jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́ rárá. Ṣàgámù, tí OOUTH, ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Olabisi Onabanjo, wà, náà wà nítòsí. Ìlú mélòó ní Nàìjíríà ló ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀? Mo gbà pé oore ńlá ni, ṣùgbọ́n oore yìí gan-an ló lè mú wa sùn lọ. Ọkàn tó dá iṣẹ́ sílẹ̀ lójijì kì í dúró de ọkọ̀. Àwọn oníṣègùn ti ṣe ìṣirò rẹ̀ pé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan tó bá kọjá láìlo AED, ẹ̀rọ tí ń fi iná mànàmáná ta ọkàn jí, ìrètí pé ẹni náà yóò yè ń fi nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú 100 dín kù. Bí ẹnìkan bá ń tẹ̀ ẹ́ láyà dáadáa, àdánù náà a máa falẹ̀ díẹ̀. Ẹ wá ro ìṣẹ́jú tí wọn yóò lò kí wọ́n tó gbé e sọ́kọ̀, kí èrò tó yà lọ́nà, kí wọ́n tó dé Ìlíṣàn, kí wọ́n tó rí bẹ́ẹ̀dì. Bí ọ̀nà tiẹ̀ já gaara, ilé ìwòsàn tó wà nítòsí ti jìnnà jù.

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1989 ni Samuel Okwaraji ṣubú ní pápá ìṣeré Surùlérè ní Èkó, nígbà tí Nàìjíríà ń bá Àǹgólà gbá, kò sì dìde mọ́. Àyẹ̀wò òkú rẹ̀ fi hàn pé ọkàn rẹ̀ tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ń ru. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 2020, Chineme Martins ti Nasarawa United ṣubú ní Lafia, òun náà sì kú. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, Joseph Kabungo, dókítà ará Zambia tí wọ́n rán wá síbi ìdíje Nàìjíríà àti Gánà, gbẹ́mìí mì ní Abuja. Kì í ṣe agbábọ́ọ̀lù nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ wo ìhà kejì. Ọkàn agbábọ́ọ̀lù Fabrice Muamba dá iṣẹ́ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 78 ní London ní ọdún 2012, síbẹ̀ ó yè, nítorí pé orí pápá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Ní ọdún 2021, Christian Eriksen ṣubú ní Copenhagen. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ láyà, wọ́n fi ẹ̀rọ ta ọkàn rẹ̀ jí níbẹ̀, nígbà tó sì di ọdún 2022, ó ti padà sórí pápá.

Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ní ọlọ́jọ́ ló dé, n kò lè bá a jiyàn lórí ohun tí Ọlọ́run mọ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ọlọ́jọ́ Muamba ì bá ti dé ní ọjọ́ náà ká ní kò sí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ láyà. Ọmọ Yorùbá kì í tìtorí àyànmọ́ fi ilé sílẹ̀ láìtìlẹ̀kùn lóru. Ìtálì sọ ọ́ di òfin ní ọdún 1982 pé kí wọ́n yẹ ọkàn eléré ìdárayá wò kó tó díje. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2006 lórí agbègbè Veneto fi hàn pé ikú òjijì láàárín àwọn ọ̀dọ́ eléré ìdárayá níbẹ̀ fi ìdá 89 nínú 100 dín kù. Kì í ṣe pé àyànmọ́ àwọn ọmọ Veneto yí padà.

Ọ̀rọ̀ owó ló ṣòro jù. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ni kì í rí owó oṣù san bó ṣe yẹ, n kò sì ní fojú tẹ́ńbẹ́lú ìnira wọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ AED kan lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á sì wúlò fún òǹwòran, ọlọ́pàá àti ẹni tó ń ta omi lẹ́nu géètì. Àṣepọ̀ tún lè dín ìnáwó kù: ilé ìwòsàn Babcock àti OOUTH ní dókítà àti nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, a sì lè bá wọn ṣe àdéhùn tó lójú. Èyí tó tiẹ̀ lérè jù kò wọ́nwó rárá: kí wọ́n kọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù, kóòṣì àti òṣìṣẹ́ pápá bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà. Ọkàn nìkan kọ́ ló sì léwu: ẹni tí oòrùn pa títí ara rẹ̀ fi gbóná kọjá ààlà, omi yìnyín ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rì í sí, kí wọ́n tó gbé e lọ. Bàsíà ńlá àti yìnyín la nílò.

Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ti sọ pé ilé ìwòsàn tó bá kọ aláìsàn pàjáwìrì lè san owó ìtanràn ₦100,000, tàbí kí ẹni tó kọ̀ ọ́ ṣẹ̀wọ̀n tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, tàbí méjèèjì. Òfin náà dáàbò bo aláìsàn lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn. Ta ló ń dáàbò bò ó títí dé ẹnu ọ̀nà yẹn, ta ló sì ń ronú nípa àwọn eléré ìdárayá lẹ́yìn tí eré bá parí? Ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ọjọ́ kejì tí àjọ̀dún Ògùn parí, bọ́ọ̀sì tó ń gbé ikọ̀ Kano padà sílé já bọ́ láti orí afárá nítòsí ilé wọn. Ó lé ní ogún èèyàn tó kú. Ètò tó péye gbọ́dọ̀ ka ìrìnàjò, ìsinmi awakọ̀ àti ibi tí àwọn ọmọ yóò sùn mọ́ ìtọ́jú, pàápàá fún àwọn tó ń ti òkè Ọya wá.

Mo bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn alákòóso líìgì àti àwọn tó ni pápá Ìkẹ́nnẹ́: ẹ kọ ètò yìí sílẹ̀, ẹ fi orúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí i, ẹ fún dókítà ní àṣẹ láti dá eré dúró, ẹ sì dán an wò kí ìdíje tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹ béèrè ibi tí AED wà kí ẹ tó jẹ́ kó wọ pápá.